Dúróòmù Omi Yìnyín Tó Wà Lẹ́yìnkùlé Mi

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì ni dókítà kan ní Àkúrẹ́ sọ fún mi pé kí n lọ máa gbé irin. Mo rò pé etí mi ló ṣì gbọ́. Ohun tó gbé mi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni pé mo gun àpótí láti so kọ́tìnnì, àpótí yẹ̀, mo sì fi ọwọ́ balẹ̀. Ọwọ́ náà kò kán, ó kàn wú ni, ṣùgbọ́n dókítà ní kí wọ́n yẹ eegun mi wò. Nígbà tí èsì jáde, ó ní eegun mi ti ń fúyẹ́, iṣan mi náà ti ń joro, pé bí mo bá tún ṣubú, ọ̀rọ̀ lè ré kọjá wíwú. Obìnrin ni dókítà yìí, ó sì kéré sí àbíkẹ́yìn mi. Ó ní òun yóò kọ oògùn fún mi, ṣùgbọ́n ohun tó tún ń mú eegun àgbàlagbà le ni kí onítọ̀hún máa gbé ohun tó wúwo sókè, kó máa gbé e sílẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀.

Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní báyọ́lọ́jì. Mo di igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé kí n tó fẹ̀yìn tì, ìdí nìyẹn tí gbogbo Odòde, àdúgbò tí mo ń gbé ní Ìdànrè, fi ń pè mí ní Màmá VP títí di òní. Bí ọmọ kan bá sọ ohunkóhun ní kíláàsì mi, ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo máa ń bi í: báwo lo ṣe mọ̀? Àwọn ọmọ fi ìbéèrè yẹn sọ mí lórúkọ, wọ́n rò pé n kò gbọ́. Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ irú ènìyàn tó ṣe gbogbo ohun tí mo fẹ́ ròyìn yìí. Kì í ṣe òpè ló ṣe é.

Jíìmù kan ṣoṣo ló wà nítòsí ilé mi. Ilé tí wọ́n ń kó kòkó pamọ́ sí ni tẹ́lẹ̀. Nígbà tí bàbá tó ni ín kú, àwọn ọmọ rẹ̀ tó wà l'Ékòó kò fẹ́ gbọ́ orúkọ kòkó mọ́, wọ́n fi í háyà, ṣùgbọ́n òórùn kòkó kò bá wọn lọ, ó ṣì wà lára ògiri. Ẹni tó háyà rẹ̀ jẹ́ ọkùnrin bí ẹni ọdún márùndínlógójì, àyà rẹ̀ fẹ̀ bí ilẹ̀kùn, kóòṣì ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Bí mo ṣe wọlé ni mo dá a mọ̀. Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi kọ́ ọ ní báyọ́lọ́jì, kò yege nígbà kankan. Mo rántí pé mo fi í sórí ìkúnlẹ̀ lọ́jọ́ kan nítorí pé ó kọ ọ́ sínú ìdánwò pé kídìnrín ni a fi ń mí.

Òun náà dá mi mọ̀. Ó dọ̀bálẹ̀, ó gba ìwé dókítà lọ́wọ́ mi, ó fara balẹ̀ kà á, ó wá ní kí n jọ̀ọ́ kí n lóṣòó. Mo lóṣòó. Ó ní kí n dìde. Mo dìde. Ó ní kí n tún lóṣòó. Nígbà tó di ìgbà kẹjọ mo wo ojú rẹ̀ bóyá ẹ̀san ló ń gbà, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò fi nǹkan kan hàn, ó ń kà á lọ ni: mẹ́sàn-án, mẹ́wàá. Lẹ́yìn èyí ló gbé irin kékeré méjì lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n tún bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ kejì, ara mi dá ṣáṣá, mo sì ń yin ara mi. Ọjọ́ kẹta ni itan mi jí. Ọjọ́ Ìsinmi ló bọ́ sí, ọjọ́ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa. Mo kúnlẹ̀ níwájú pẹpẹ pẹ̀lú àwọn yòókù, mo jẹ, mo mu, àwọn tó kúnlẹ̀ pẹ̀lú mi dìde lọ, èmi kò lè dìde. Àwọn mìíràn wá kúnlẹ̀. Fíkà, àlùfáà ìjọ wa, tún pín in dé ọ̀dọ̀ mi, ó wò mí, mo mi orí sí i, ó fò mí kọjá. Nígbà tí ọ̀wọ́ kẹta dé tí mo ṣì wà níbẹ̀, ìyá tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ àwọn ìyá ìjọ àti obìnrin kan tó tẹ̀ lé e gbé mi lápá ọ̀tún àti òsì, wọ́n gbé mi padà sí àyè mi. Ìjọ wa kì í ṣe irú ìjọ tí Ẹ̀mí ń bà lé ènìyàn nídìí pẹpẹ. Gbogbo wọn ló ń wò mí títí wọ́n fi ṣe oore-ọ̀fẹ́.

Mo ròyìn fún kóòṣì. Ó ní ilé ni ara mi ń kọ́, pé ariwo òòlù ni ìrora yẹn, ohun tó kù ni kí n bọ́ àwọn kọ́lékọ́lé. Ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà, àwọn ike dúdú ńláńlá ló kún ibẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ páúdà púrótéènì tí wọ́n ń rí lára wàrà. Ọ̀kan ń jẹ́ kíríátíìnì, òun ló ń fún iṣan lágbára. Ẹ̀kẹta pupa rẹ́súrẹ́sú, kóòṣì ní ó ń lé ìrora. Ẹ̀kẹrin wà fún oorun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò sọ fún un pé n kì í rí oorun sùn. Àwòrán ọkùnrin kan wà lára ike kọ̀ọ̀kan, kò wọ ẹ̀wù, iṣan ọrùn rẹ̀ ta bí okùn ìgbálẹ̀.

Mo bi í léèrè báwo ló ṣe mọ̀ pé àwọn nǹkan wọ̀nyí ń ṣiṣẹ́.

Ó ní, "Mà, ẹ wo èmi."

Mo wò ó. Ó dá mi lójú pé àyà rẹ̀ fẹ̀. Ẹ̀rí tí mo gbà nìyẹn, tí mo fi ru ike mẹ́rin lọ sílé. Bí ọmọ kan bá kọ irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ sínú ìwé ìdánwò mi láyé àtijọ́, òdo ni mo máa fún un, mo sì máa fi bíírò pupa fa ìlà sábẹ́ òdo náà.

Mo tún wádìí lórí fóònù. Fóònù kì í jiyàn. Bí mo bá bi í bóyá páúdà dára fún àgbàlagbà, á ní ó dára púpọ̀. Bí mo bá bi í bóyá yóò pa mí, á tún gbà pẹ̀lú mi. Nígbà tí mo rí i pé ó ń gba tèmi, mo dẹ́kun bíbi í ní ìbéèrè kejì. Láàárọ̀ mo máa ń po púrótéènì mọ́ ògì, mo máa ń da kíríátíìnì sínú omi, mo sì máa ń fi èyí tó pupa mu lọ́sàn-án. Ó dùn bí omi súìtì tí ọmọdé ti lá tán.

Orí fóònù yìí kan náà ni mo ti rí ọ̀rọ̀ omi yìnyín. Mo rí àwọn agbábọ́ọ̀lù òkè òkun tí wọ́n jókòó sínú omi tí yìnyín léfòó lójú rẹ̀, tí wọ́n ń mí bí ẹni tó ń rọbí. Wọ́n ní bí ènìyàn bá gbé irin tán tó bọ́ sínú omi bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ìrora á lọ, ara á tètè padà bọ̀ sípò. Mo fi han kóòṣì. Ó ní òun ti mọ̀ tipẹ́, òun kàn ń ṣọ́ ìgbà tí mo máa dàgbà dé ibẹ̀ ni.

Mo ra dúróòmù aláwọ̀ búlúù, mo ní kí wọ́n gé e kù díẹ̀. Káfíńtà kan bá mi kan àtẹ̀gùn onípele mẹ́ta, kò béèrè ohun tí mo fẹ́ fi ṣe, mo sì mọrírì rẹ̀. Ibi kan ṣoṣo tí mo ti lè rí yìnyín tó pọ̀ tó ni ọ̀dọ̀ obìnrin tó ń ta ẹja tútù lójú ọ̀nà ọjà. Inú fíríìsà tó ń kó ẹja sí náà ló ti ń di yìnyín rẹ̀. Ìpẹ́ ẹja wà nínú rẹ̀. Nígbà tí mo bá wọ inú dúróòmù lẹ́yìnkùlé, àwọn ológbò àdúgbò á wá jókòó yí mi ká, wọ́n á máa wo ojú mi.

Mo máa ń wọ ẹ̀wù funfun kan tí mo ń wọ̀ nígbà tí mo wà nínú ẹgbẹ́ akọrin, nítorí ó gùn, ó sì bo gbogbo ara. Ọjọ́ àkọ́kọ́, omi yẹn kàn mí nídodo, mo gbàgbé orúkọ ọkọ mi tó ti kú. Kí n má purọ́, nígbà tí mo jáde, ìrora itan mi ti lọ. Itan fúnra rẹ̀ ló ti lọ, n kò mọ̀ bóyá mo ní ẹsẹ̀. Mo wọlé, mo ṣí ìwé ńlá kan, mo fa ìlà sí i, mo kọ ọjọ́, mo kọ ìwọ̀n irin tí mo gbé, mo kọ ọ́ síwájú rẹ̀ pé: ara yá gágá.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn ìyá ká mi mọ́ ibẹ̀. N kò lọ sí ìpàdé ọjọ́ Ọjọ́bọ̀, wọ́n sì ti rí i tí mi ò lè dìde nídìí pẹpẹ, wọ́n wá wò mí. Wọ́n kan ilẹ̀kùn iwájú, kò sí ìdáhùn, wọ́n yí sí ẹ̀yìnkùlé. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá mi ti pé tipẹ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi ti kú tipiri, n kò lè gbé e kọjá etí dúróòmù. Àwọn mẹ́rin ló dúró tí wọ́n ń wo igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé nínú aṣọ funfun, nínú omi, tí eyín ń ta ko ara wọn, tí ológbò mẹ́ta jókòó tì.

Olórí wọn fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó súnmọ́ mi, ó fi ohùn jẹ́jẹ́ bi mí pé, "Ìjọ aláṣọ funfun wo ni wọ́n ti ní kí ẹ máa wẹ ìwẹ̀ yìí, ọjọ́ mélòó ni wọ́n sì dá fún yín?"

Mo fẹ́ dá a lóhùn, eyín kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀. Wọ́n gbà á pé mo ń fi ohun kan pamọ́. Wọ́n wọ́ mi jáde, wọ́n fi aṣọ wé mi, wọ́n gbàdúrà lé mi lórí pẹ̀lú ìdàníyàn tòótọ́, wọ́n sì da omi náà nù kí wọ́n tó lọ.

Nígbà tó fi máa di ọ̀sán ọjọ́ kejì, Fíkà ti dé. Ó jókòó, kò gba omi tí mo gbé fún un. Ó ní àwọn ìyá ń dààmú, pé bí mo bá ní ìṣòro kan tó ń lé mi kiri, ìjọ tí mo ti ń sìn láti kékeré ni ó yẹ kí n kọ́kọ́ gbé e wá. Mo ṣàlàyé. Mo mú bíírò àti ìwé, mo ya òpó ẹ̀jẹ̀ fún un, mo fi hàn án bí òtútù ṣe ń mú kó fún àti bí ó ṣe ń lanu padà, mo sọ nípa iṣan tó ń ya fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́ tó sì ń tún ara rẹ̀ so. Mo kọ́ ọ bí mo ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì àṣekágbá. Fíkà ń mi orí. Nígbà tí mo ṣe tán, ó wo ẹnu ọ̀nà, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó bi mí bóyá ó lè ṣe orúnkún lóore.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe di ti ìjọ nìyẹn. Fíkà ki orúnkún bọ inú bàsíà omi yìnyín fún ọ̀sẹ̀ kan, ó ní òun rí ìyàtọ̀. Olórí ẹgbẹ́ àwọn ìyá tó wọ́ mi jáde nínú omi wá bá mi, ó ní òun ò mọ̀ pé ẹ̀kọ́ ìlera ni. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń gbé bàsíà wá sí ìpàdé ọjọ́ Ọjọ́bọ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ka Bíbélì tán, wọ́n á ki ẹsẹ̀ bọ omi yìnyín, wọ́n á máa ka ìṣẹ́jú. Kò sí ẹnìkan nínú wọn tó gbé irin rí. Ìsinmi ni wọ́n ń gbà lórí iṣẹ́ tí èmi ń ṣe. Wọ́n ra páúdà pẹ̀lú, àwọn tó jẹ́ onítẹ̀sìwájú ń pò ó mọ́ mọ́ínmọ́ín. Kọ́bọ́ọ̀dù kóòṣì ṣófo lẹ́ẹ̀mejì. Ojú ọ̀nà ọjà ni mo ti gbọ́ pé ẹja ń rà lọ́wọ́ ìyá ẹlẹ́ja nítorí pé àwọn ọmọ ìjọ ń ra yìnyín rẹ̀ tán kí oòrùn tó mú.

Àárín àkókò yìí ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin dé láti abúlé Atosin. Òjò àkọ́rọ̀ tó jà lọ́dún náà ṣí òrùlé ilé rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ ní kó wá máa gbé ọ̀dọ̀ mi títí wọ́n yóò fi tún un ṣe. Ọdún mẹ́jọ ni ó fi jù mí lọ. Ní ilé tiwa, òun ni ó lọ sóko kí èmi lè lọ sílé-ìwé. Orí rẹ̀ ni ó fi ru kòkó tí wọ́n fi san owó ìwé mi. Kò mọ̀wé. Èdè Ìdànrè pọ́ńbélé ló ń sọ, bí mo bá sì kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ síbí ní Yorùbá ìwé, ẹ mọ̀ pé mo ti gé ẹnu rẹ̀ kù.

Ọjọ́ tó dé, ó rí i pé mo ń di ògiri mú kí n tó jókòó. Ó bi mí kí ló ṣe mí. Mo ní irin ni mo gbé.

Ó ní, "Níbo lo ń gbé e lọ?"

Mo ní n kò gbé e lọ síbì kan, mo gbé e sókè, mo sì gbé e padà sí ibi tó wà.

Ó wò mí títí. Ó wá ní kí n lọ sùn díẹ̀.

Mo fi páúdà lọ̀ ọ́, ó tọ́ ọ wò, ó tu ú dànù, ó ní eyín òun kò tíì yọ tán débi pé kí òun máa lá ìyẹ̀fun. Mo fi dúróòmù hàn án. Ó ní gbogbo ọjọ́ ayé àwọn lóko, òtútù ni àwọn ń sá fún, iná ni àwọn ń dá lójú ọyẹ́, òun kò sì rí ẹni tó ra ọyẹ́ sílé rí. Ó ní bó bá jẹ́ pé ẹnìkan ló ṣẹ̀ mí, kí n sọ fún òun.

Ṣùgbọ́n nítorí pé ilé ń sú u, ó bá mi lọ sí jíìmù lọ́jọ́ kan. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì kúkúrú kan, ó ń wo bí kóòṣì ṣe ń dà mí láàmú. Nígbà tó fẹ́ dìde, kò lè dìde. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀mejì, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í wo abẹ́ bẹ́ǹṣì bí ẹni tó ń wá bàtà, bàtà sì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Mo rí i. Inú mi bàjẹ́ lọ́nà tí n kò retí. Gbogbo ayé mi, bí mo bá ronú nípa agbára, ẹ̀yìn obìnrin yẹn ni mo ń rí, níwájú mi lójú ọ̀nà oko, pẹ̀lú ẹrù lórí.

Kóòṣì náà rí i. Kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé àga gíga kan wá, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí."

Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sórí rẹ̀, ó dìde. Ó tún jókòó, ó tún dìde. Nígbà tó di ọjọ́ tí mo tún fẹ́ lọ, ó ti wẹ̀, ó ti wọ bàtà, ó ń dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà.

Oṣù mẹ́rin ló fi bá mi lọ. Ó kọ̀ láti mu páúdà, ó kọ̀ láti wọ omi. Ẹyin ló ń jẹ láàárọ̀, méjì, nígbà mìíràn mẹ́ta. Ó ń se ẹ̀wà pẹ̀lú ẹja gbígbẹ. Ó ń jẹ iyán bó ti máa ń jẹ ẹ́. Bí ìròyìn ìrọ̀lẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀ lórí rédíò, ó ti sùn. Mo ní kí kóòṣì máa sọ ìwọ̀n irin tí ẹ̀gbọ́n mi náà ń gbé fún mi, mo sì ń kọ ọ́ sínú ìwé ńlá mi, tèmi lápá ọ̀tún, tirẹ̀ lápá òsì. Èrò mi ni pé nígbà tó bá rí bí mo ṣe jù ú lọ, yóò gbà láti mu páúdà.

Nígbà tó di ìparí oṣù kejì, ó ti bá mi dọ́gba. Mo ní nítorí pé àgbẹ̀ ni. Nígbà tó di oṣù kẹta, ó ti kọjá mi. Mo ní ààwẹ̀ ni mo gbà lọ́sẹ̀ yẹn. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo ní oorun kò tó mi. Ọ̀sẹ̀ tó tún tẹ̀ lé e, mo fi yìnyín kún omi, mo sì fi ìṣẹ́jú márùn-ún kún ìṣẹ́jú mi. Mo kọ gbogbo àwáwí wọ̀nyí sí etí ìwé pẹ̀lú lẹ́tà wínníwínní, ó sì dùn ún kà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ni kóòṣì yá ìwé náà lọ́wọ́ mi láti wo iye tí mo gbé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ń ṣí i lọ, ó ń ṣí i bọ̀. Ó fi ìka tọ apá òsì, ó fi tọ apá ọ̀tún. Ojú rẹ̀ rí bí ojú ọmọ tó fẹ́ nawọ́ ní kíláàsì ṣùgbọ́n tí ẹ̀rù ń bà.

Ó ní, "Mà, ẹ máà bínú. Ṣé kì í ṣe èyí ni ẹ máa ń pè ní kọntíróòlù?"

Mo bi í kí ló ń sọ. Ó rán mi létí èso ẹ̀wà tí mo máa ń ní kí wọ́n gbìn sínú agolo méjì, tí a óò gbé ọ̀kan sí oòrùn, tí a óò gbé èkejì sínú kọ́bọ́ọ̀dù, tí gbogbo nǹkan yòókù yóò sì jẹ́ bákan náà, kí a lè mọ ohun tí oòrùn ń ṣe. Ó ní òun rántí rẹ̀ nítorí pé òun jẹ ẹ̀wà tòun, mo sì fìyà jẹ òun. Ó ní jíìmù kan náà ni àwa méjèèjì ń wá, irin kan náà, ọjọ́ kan náà, ilé kan náà. Ohun tó yàtọ̀ ni páúdà àti omi yìnyín. Kò parí ọ̀rọ̀ náà nítorí ọ̀wọ̀.

Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ni ní nǹkan yìí. Mo ti fi òdo fún ọgọ́ọ̀rọ̀ ọmọ nítorí rẹ̀. Ó wà nínú ìwé mi, mo fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́, mo fa ìlà sí àárín rẹ̀, ọmọ tó ní kídìnrín ni a fi ń mí ló sì wá kà á fún mi. Mo bi í pé ṣé kò mọ̀ pé ọjà páúdà tirẹ̀ ló ń bà jẹ́. Ó ní òun mọ̀. Ó ní ohun tí ẹni tó ń tà á fún òun sọ ni òun ń sọ fún wa, òun kò bi í léèrè rí, nítorí ara òun ń tóbi, òun kò sì mọ̀ bóyá páúdà ni tàbí irin.

A gbé ìwé náà lọ sí Àkúrẹ́, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi. Dókítà kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó rẹ́rìn-ín nígbà tó dé ibi àwáwí. Ó ní kí n má sáré, pé ènìyàn méjì kò tó láti fi dájọ́; ara kálukú yàtọ̀, ẹni tó bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ sì máa ń tètè gòkè. Àmọ́ ó ní púrótéènì inú ike kò sàn ju ti inú ẹyin àti ẹ̀wà lọ fún ẹni tó ń rí i jẹ. Kíríátíìnì lè ran àwọn kan lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ó yẹ kí n ti sọ fún òun kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, kí òun yẹ kídìnrín mi wò. Nípa èyí tó pupa, ó kàn gbé èjìká sókè. Ní ti omi yìnyín, ó ní lóòótọ́ ó ń pa ìrora, ṣùgbọ́n wíwú díẹ̀ àti gbígbóná tó ń tẹ̀ lé irin gbígbé wà lára ohun tí ara fi ń kọ́ iṣan tuntun. Ẹni tó ń wọ omi yìnyín ní gbàrà tó bá gbé irin tán ń lé àwọn kọ́lékọ́lé lẹ́nu iṣẹ́ ni. Ó ní bí mo bá fẹ́ràn òtútù, kí n máa wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ tí n kò bá gbé irin. Mo ní n kò fẹ́ràn rẹ̀, n kò fẹ́ràn rẹ̀ rí. Nígbà tí wọ́n yẹ ara àwa méjèèjì wò tán, kídìnrín mi kò ní nǹkan kan, eegun mi kò sì burú sí i. Ó kọ oògùn eegun fún ẹ̀gbọ́n mi náà.

Lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, mo lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ àwọn ìyá láti jẹ́wọ́. Mo bá wọn pẹ̀lú ẹsẹ̀ nínú bàsíà. Mo sọ ohun gbogbo fún wọn, mo mú ìwé mi dání. Wọ́n gbọ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Nígbà tí mo parí, olórí wọn dì mí lọ́wọ́ mú.

Ó ní, "Màmá VP, ẹ má ṣe rẹ̀wẹ̀sì. Gbogbo ẹni tó bá ní ohun tó dára ni wọ́n ń fi ìyèméjì dán wò."

Wọ́n gbàdúrà fún mi pé kí n má fà sẹ́yìn. Fíkà fúnra rẹ̀ sọ fún mi níta pé òun gba ọ̀rọ̀ dókítà gbọ́, ṣùgbọ́n orúnkún òun ti dára, òun kò sì fẹ́ bá orúnkún jiyàn. Wọ́n ṣì ń ki ẹsẹ̀ bọ omi títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, a ti yan akọ̀wé yìnyín. Kóòṣì kò kó páúdà kún kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀ mọ́ nígbà tí èyí tó wà níbẹ̀ tán. Ẹyin sísè ló ń tà báyìí, àwọn ọ̀dọ́ tó ń wá síbẹ̀ sì ń ṣàròyé pé ìyẹn kò ní àwòrán lára.

Nígbà tí wọ́n kan òrùlé ẹ̀gbọ́n mi tán, ó múra láti lọ. Kóòṣì po sìmẹ́ǹtì sínú agolo ọ̀dà méjì, ó fi irin ṣe ọwọ́ sí wọn, ó ní kó máa gbé wọn nílé. Ọ̀sán ọjọ́ tó ku ọ̀la kó lọ, a jókòó síwájú ilé, mo sì ka ìwé ńlá náà fún un, nítorí mo rò pé ó tọ́ sí i. Mo ṣàlàyé pé òun ni a fi wọn èmi, pé láìsí tirẹ̀ n kì bá tí mọ nǹkan kan. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ní ṣé gbogbo oṣù mẹ́rin yẹn, inú ilé-ìwé ni òun wà tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún òun? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó bi mí bóyá òun yege. Mo ní ó yege ju olùkọ́ lọ.

Ó tún ìró rẹ̀ ró, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ síwájú, ó ní kí n fo tèmi, kí n tún ka ti òun nìkan, láti ọjọ́ tí òun bẹ̀rẹ̀. Mo ṣí i padà sí ojú ewé àkọ́kọ́, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á fún un, ọjọ́ kan tẹ̀ lé òmíràn, ìwọ̀n irin kan tẹ̀ lé òmíràn.